Bí ẹ ṣe lè ṣe update GRUB, shim àti firmware láìsọ kọ̀ǹpútà yín di búlọ́ọ̀kù

Ní December 2015, àwọn méjì kan ní Universitat Politècnica de València ní Sípéènì, Hector Marco àti Ismael Ripoll, gbé nǹkan kan jáde tó jẹ́ kí àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà di orí mú. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà tí ẹ ti fi pásíwọ́ọ̀dù sí GRUB ẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tó ń gbé Linux dìde, téèyàn bá dé ibi tó ti ń béèrè orúkọ, tí ò kọ orúkọ kankan, tó kàn ń tẹ Backspace títí ó fi pé ìgbà 28, GRUB á ṣílẹ̀kùn rescue shell fún un, ibi téèyàn ti lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kò ní béèrè pásíwọ́ọ̀dù mọ́. Àṣìṣe yẹn sì ti wà níbẹ̀ látorí version 1.98, láti December 2009. Ọdún 6 la fi ń ti ilẹ̀kùn tí Backspace ń ṣí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa la máa ń ṣe update browser, a ń ṣe ti fóònù, àmọ́ tó bá ti kan ohun tó ń jí kọ̀ǹpútà gan-an, a ó ní tó bá ṣáà ti ń tàn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù ló ń bà wá, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀, torí tí browser bá bàjẹ́ ẹ ṣì lè gba òmíràn, tí GRUB bá bàjẹ́ ojú dúdú lẹ máa bá, ẹ ò sì ní rí browser tẹ́ ẹ máa fi wá ìrànlọ́wọ́. Àmọ́ iṣẹ́ náà ò le tó bí a ṣe rò ó, ètò ló ní. Ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, ohun kan wà tó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, àwọn tí mo ti rí tó kó sí wàhálà, èyí tó yẹ kó kẹ́yìn ni wọ́n fi ṣáájú, tàbí kí wọ́n rò pé ohun tí wọ́n ṣe update sí lórí dísìkì ni kọ̀ǹpútà ń lò nígbà tó ń jí, bẹ́ẹ̀ òmíràn ló ń lò.

Ẹ jẹ́ kí n yára to àwọn tó ń jí kọ̀ǹpútà tẹ̀ léra. Firmware ló kọ́kọ́ jí, òun lọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní BIOS, inú chip tó wà lórí motherboard ló ń gbé. Tó bá jẹ́ UEFI, ìyẹn irú firmware tòde òní, á lọ sí apá kékeré kan lórí dísìkì tó ń jẹ́ ESP, ibẹ̀ ló ti máa bá shim. Microsoft ló buwọ́ lu shim, iṣẹ́ ẹ̀ ò pọ̀, ó kàn máa yẹ GRUB wò bóyá àwọn tó ṣe Linux yín ló buwọ́ lù ú lóòótọ́, GRUB á wá gbé kernel dìde, ìyẹn ọkàn Linux fúnra ẹ̀, ó parí. Lórí Windows, fáìlì kan tó ń jẹ́ bootmgfw.efi ló dúró sípò shim àti GRUB. Àyẹ̀wò ìbuwọ́lù tí wọ́n ń ṣe fúnra wọn látòkè délẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ Secure Boot.

Kí ló dé tí update nìkan ò tó

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ló ṣàlàyé gbogbo ìyókù.

Tí wọ́n bá rí ihò nínú GRUB, wọ́n á ṣe tuntun, wọ́n á buwọ́ lù ú, ẹ̀yin náà á fi tuntun síbẹ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ni ìbuwọ́lù tó wà lára GRUB àtijọ́ wá dà? Ó ṣì wà bó ṣe wà. Firmware yín ò mọ̀ pé ó ti ní ihò, ó rí ìbuwọ́lù, ìbuwọ́lù náà péye, á jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó bá ti rí ọ̀nà di root, ìyẹn ọ̀gá tó lè ṣe ohun tó bá wù ú, lórí ẹ̀rọ yín lè gbé àtijọ́ wá látibòmíràn, kó gbé e lé orí tuntun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀, kó wá gba ihò àtijọ́ wọlé. Ẹ ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé, àmọ́ ilẹ̀kùn ṣì ń gba ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tí BlackLotus, ètò burúkú kan tó ń kó sí ibi tí Windows ti ń jí, ṣe gan-an nìyẹn. Microsoft ti dí ihò tí wọ́n ń pè ní CVE-2022-21894 láti January 2022, àmọ́ nígbà tó di March 2023, àwọn ESET, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, ṣàlàyé bí BlackLotus ṣe ń gbé fáìlì Windows àtijọ́ tó ní ihò yẹn rìn fúnra ẹ̀, tó ń fi í sórí Windows 11 tí wọ́n ti ṣe gbogbo update ẹ̀ tán, tí Secure Boot sì wà ní títàn. Update wà níbẹ̀ o, kò já mọ́ nǹkan kan, torí kò sẹ́ni tó sọ fún firmware pé kó má gba àtijọ́ mọ́.

Ìwé tí firmware fi ń mọ àwọn tó ti fòfin dè ni wọ́n ń pè ní dbx. Inú motherboard ló wà, kì í ṣe orí dísìkì, tí hash fáìlì kan, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń dá fáìlì mọ̀, bá ti wọbẹ̀ kò ní lè jí kọ̀ǹpútà yẹn mọ́ bó ti wù kí ìbuwọ́lù ẹ̀ dán tó. Ìṣòro dbx ni pé àyè ẹ̀ kéré gan-an. Ní July 2020, nígbà tí ilé iṣẹ́ ààbò tó ń jẹ́ Eclypsium gbé BootHole jáde, CVE-2020-10713 ni nọ́ńbà ẹ̀, ihò kan nínú bí GRUB ṣe ń ka grub.cfg, tó sì jẹ́ pé grub.cfg yẹn fáìlì lásán ni tẹ́nikẹ́ni ò buwọ́ lù, wọ́n ní láti kó ìwé-ẹ̀rí 3 àti hash 150 sínú dbx lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 10kB nìyẹn gbà, nínú 32kB tó sábà máa ń wà. Ìdá mẹ́ta, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti gba ọ̀kan nínú ẹ̀. Ká ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ìwé á kún.

Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú SBAT wá ní 2021. Dípò kí wọ́n máa to hash jọ bíi orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè, wọ́n kọ nọ́ńbà kékeré kan sínú shim àti GRUB fúnra wọn. Tí ihò tuntun bá jáde, nọ́ńbà á gòkè: nígbà tó di June 2022 wọ́n gbé ti GRUB lọ sí 2, nígbà tó di November ọdún yẹn ó di 3. Kọ̀ǹpútà á wá ní òfin kan tó sọ pé GRUB tí nọ́ńbà ẹ̀ bá kéré sí báyìí, kó padà sílé. Òfin kan ṣoṣo, á lé gbogbo GRUB àtijọ́ láyé yìí lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan èyí tó wà lórí fláṣì yín tẹ́ ẹ ti gbàgbé. Ẹ rántí fláṣì yẹn, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Nítorí náà, ètò rèé: ẹ kọ́kọ́ fi tuntun sí gbogbo ibi tí kọ̀ǹpútà yín ti lè jí, ẹ jẹ́ kó jí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú tuntun kẹ́ ẹ fojú rí i, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó fòfin de àtijọ́. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa tira yín mọ́ta.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan

Tí dísìkì yín bá wà lábẹ́ BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dísìkì pa, ẹ lọ wá recovery key yín báyìí, nọ́ńbà 48 ni, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé tàbí kẹ́ ẹ fi pa mọ́ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ má fi í sórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe náà, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín. Bí ẹ ò bá mọ ibi tó wà, ẹ ṣí command prompt bí administrator, kẹ́ ẹ tẹ:

manage-bde -protectors -get C:

Ìdí ni pé TPM, chip kan nínú kọ̀ǹpútà tó ń di kọ́kọ́rọ́ dísìkì mú, ń wo ipò Secure Boot, dbx náà sì wà lára ohun tó ń wò. Tí dbx bá yí padà, TPM lè rò pé olè ló dé, kò ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́, ojú búlúù tó ń béèrè nọ́ńbà 48 lẹ máa bá. Lóòótọ́ ẹ lè dá BitLocker dúró fún ìgbà kan kẹ́ ẹ tó ṣe update:

manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 1

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi LUKS ti dísìkì pa pẹ̀lú TPM lórí Linux náà, tó bá jẹ́ PCR 7, ibi tí TPM ń kọ ipò Secure Boot sí, lẹ so ó mọ́, ohun kan náà ló máa bá yín, ẹ rí i pé pásíwọ́ọ̀dù gidi ṣì wà tẹ́ ẹ lè fọwọ́ tẹ̀.

Ẹ ṣe live USB kan tó jẹ́ tuntun, ìyẹn fláṣì tí Linux lè jí látorí ẹ̀, kẹ́ ẹ dán an wò pé ó ń jí. Tó bá jẹ́ laptop, ẹ so ó mọ́ iná mànàmáná, ẹ má gbójú lé bátìrì. Ẹ má sì ṣe é nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ wọ ìpàdé.

Ẹ wá wo irú ẹ̀rọ tẹ́ ẹ ní. Lórí Linux:

ls /sys/firmware/efi

Tó bá kó àwọn fóldà jáde, UEFI ni. Tó bá ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, BIOS àtijọ́ lẹ fi jí i. Tó bá jẹ́ UEFI, ẹ tẹ mokutil --sb-state kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá Secure Boot tàn tàbí kò tàn. Lórí Windows, ẹ ṣí msinfo32 kẹ́ ẹ wo iwájú Secure Boot State.

Tó bá jẹ́ UEFI

Lórí Debian, Ubuntu àtàwọn ìbátan wọn:

sudo apt update
sudo apt install --only-upgrade shim-signed grub-efi-amd64-signed

Lórí Fedora àtàwọn ẹbí ẹ̀:

sudo dnf upgrade 'grub2-*' 'shim-*'

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí Fedora, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ grub2-install lórí UEFI kódà bẹ́ ẹ rí i níbi kan, torí GRUB tẹ́nikẹ́ni ò buwọ́ lù ló máa gbé síbẹ̀, Secure Boot á sì kọ̀ ọ́. Tó bá bàjẹ́, ńṣe ni kẹ́ ẹ fi dnf reinstall grub2-efi-x64 àti shim-x64 síbẹ̀ padà. Ti Arch yàtọ̀ pátápátá, pacman á gbé package tuntun wá àmọ́ kò ní fọwọ́ kan èyí tó wà nínú ESP, ẹ̀yin lẹ máa tẹ grub-install àti grub-mkconfig fúnra yín, àwọn tí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni August 2022 bá lójijì, nígbà tí GRUB tuntun dé tí kọ̀ǹpútà wọn ò sì jí mọ́. Tó bá jẹ́ systemd-boot lẹ ń lò dípò GRUB, ẹ tẹ bootctl update, ó tán.

Ẹ má tíì dìde o. Pé apt sọ pé òun ti parí ò túmọ̀ sí pé tuntun ni kọ̀ǹpútà máa lò. Ẹ wo inú ESP fúnra yín:

sudo ls -lR /boot/efi/EFI

Ẹ máa rí fóldà tó ń jẹ́ orúkọ Linux yín, shimx64.efi àti grubx64.efi á wà nínú ẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tó wà níwájú wọn, ó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ òní tàbí sún mọ́ ọn. Ẹ máa rí òmíràn tó ń jẹ́ BOOT, BOOTX64.EFI wà nínú tiẹ̀. Ìyẹn ni firmware máa ń sá lọ bá tí ò bá rí ọ̀nà míì. Ibi tí àtijọ́ ti ń sá pa mọ́ sí jù lọ nìyẹn, torí ẹ ti lè fi Linux kan síbẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ẹ pa á rẹ́, ẹ fi òmíràn síbẹ̀, àmọ́ BOOTX64.EFI ti àkọ́kọ́ ṣì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé pé àlejò lòun. Mo ti bá fóldà Linux mẹ́ta nínú ESP kan rí, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ju ọ̀kan lọ.

Kẹ́ ẹ mọ nọ́ńbà SBAT tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi orúkọ fóldà tiyín rọ́pò ubuntu nínú èyí:

sudo objdump -s -j .sbat /boot/efi/EFI/ubuntu/grubx64.efi

Á kó nọ́ńbà rẹpẹtẹ jáde lápá òsì, ẹ má dà á láàmú, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ máa rí ọ̀rọ̀ bíi grub,3 tàbí grub,4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Free Software Foundation á tẹ̀ lé e. Ẹ fi wé òfin tó wà lórí ẹ̀rọ yín:

mokutil --list-sbat-revocations

Tí èyí bá sọ grub,3 tí ti fáìlì yín sì jẹ́ 3 tàbí jù ú lọ, ẹ wà ní àlàáfíà. Tó bá jẹ́ 2, kọ̀ǹpútà yẹn ò ní gbà á tí Secure Boot bá tàn. Tí objdump bá sọ pé òun ò rí .sbat kankan, àtijọ́ pátápátá nìyẹn, látayé ìgbà tí SBAT ò tíì sí.

Ẹ ṣe shim náà bẹ́ẹ̀, ẹ má fojú kéré ẹ̀. Version 15.8 tó jáde ní January 2024 ló dí CVE-2023-40547, ihò tí Bill Demirkapi ti Microsoft rí níbi tí shim ti ń gba fáìlì lórí HTTP: ẹni tó bá wà láàrin ọ̀nà lè dá èsì èké padà fún un kó sì gba ẹ̀rọ kó tó jí tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i pé gbogbo ẹ̀ dáa, ẹ reboot. Àfi kẹ́ ẹ reboot. Server tí wọ́n ti ṣe update GRUB ẹ̀ láti oṣù mẹ́fà tí ò tíì kú kó tún jí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò mọ̀ bóyá ó máa jí, ẹ kàn ń retí ni.

Tó bá jẹ́ BIOS àtijọ́

Ibí yìí ti jẹ mí níyà rí. Lọ́dún 2020 tí BootHole jáde yẹn, àgbà ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ mi, BIOS ni, dísìkì méjì ló wà nínú ẹ̀. Mo ṣe update GRUB, kò sí àṣìṣe kankan, gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, mo ní kó reboot, ohun tó kọ sójú rèé:

error: symbol `grub_calloc' not found.
grub rescue>

Mo wò ó títí. Kò gbọ́ help, kò gbọ́ boot. Mo sì ti sọ fún àwọn tó ń lò ó pé ìṣẹ́jú méjì ni.

Ohun tó fà á rèé. Lórí BIOS, ọ̀nà mẹ́ta ni GRUB pín ara ẹ̀ sí. Èyí tó kéré jù wà ní orí dísìkì gan-an, nínú byte 446 péré, òun ló ń pe èkejì tó wà ní àlàfo tó ṣáájú partition àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní core. Core ló wá ń ka module tó wà nínú /boot/grub. Update pààrọ̀ àwọn module sí tuntun, ó sì kọ core tuntun náà, àmọ́ orí dísìkì kejì ló kọ ọ́ sí, torí ibẹ̀ ni ètò tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ látijọ́ ní kó kọ ọ́ sí. Dísìkì kìíní ni firmware sì ń jí. Core àtijọ́ bá pe module tuntun, module tuntun ní kí wọ́n pe grub_calloc fún òun, core ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé ẹ̀, torí inú update yẹn gan-an ni wọ́n ti bí i. Ni àwọn méjèèjì bá ń wo ara wọn.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ fi live USB jí i, ẹ tẹ lsblk kẹ́ ẹ mọ partition tí Linux yín wà, ká ní sda2 ni:

sudo mount /dev/sda2 /mnt
for i in dev proc sys; do sudo mount --bind /$i /mnt/$i; done
sudo chroot /mnt
grub-install /dev/sda
update-grub

sda ni o, kì í ṣe sda2, orí dísìkì odindi ni core ń gbé. Tí /boot bá wà lórí partition tiẹ̀, ẹ mount òun náà sórí /mnt/boot kẹ́ ẹ tó chroot.

Kí ó má tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ rárá, kẹ́ ẹ tó ṣe update lórí Debian tàbí Ubuntu ẹ tẹ:

sudo dpkg-reconfigure grub-pc

Á bi yín láwọn ìbéèrè kan, ẹ máa tẹ Enter lọ títí á fi to dísìkì jọ. Ẹ fi àmì sí gbogbo dísìkì tí kọ̀ǹpútà yẹn lè jí látorí ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pààrọ̀ HDD sí SSD tẹ́ ẹ kàn ṣe clone, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí orúkọ dísìkì àtijọ́ ló ṣì wà nínú ètò yẹn.

Firmware àti dbx, àwọn tó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn

GRUB yín ti dé, shim ti dé, ẹ ti reboot, ó jí. Ó wá kan fwupd, ètò tó ń ṣe update firmware lórí Linux:

fwupdmgr refresh
fwupdmgr get-updates
fwupdmgr update

Tí update firmware bá wà fún motherboard yín, á gbé e sínú ESP, á ní kẹ́ ẹ reboot, firmware á sì tún ara ẹ̀ kọ nígbà tó bá ń jí. Ojú lè dúdú fún ìgbà díẹ̀, fáànù ẹ̀ lè máa pariwo, ó lè kú kó tún jí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má pa á. Ẹ lọ fọ abọ́.

Tẹ́ ẹ bá rí UEFI dbx nínú àwọn tó ní update, ìwé òfin tí mo sọ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn nípa fwupd ni pé kó tó fi dbx tuntun síbẹ̀, á kọ́kọ́ wo inú ESP yín bóyá fáìlì kan wà níbẹ̀ tí dbx tuntun máa lé, tó bá rí i, kò ní ṣe é, á ní executable kan wà tí wọ́n ti fòfin dè, kẹ́ ẹ lọ ṣe update GRUB àti shim ná. Àwọn kan máa ń bínú sí i, wọ́n á wá --force. Ẹ má ṣe é o jàre, ó ń gbà yín lọ́wọ́ ara yín ni, ẹ padà sí fóldà BOOT tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ pé ibẹ̀ ló wà.

Tí Windows àti Linux bá jọ wà lórí ẹ̀rọ kan

Ní August 2024, update Windows tó jáde lóṣù yẹn gbé òfin SBAT tuntun sínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà torí CVE-2022-2601 nínú GRUB. Microsoft ní kò ní kan àwọn tí Linux wà lórí ẹ̀rọ wọn, ó kàn wọ́n. Àwọn èèyàn jí láàárọ̀, ohun tí wọ́n bá lójú kọ̀ǹpútà ni:

Verifying shim SBAT data failed: Security Policy Violation
Something has gone seriously wrong: SBAT self-check failed: Security Policy Violation

Ó sì pa ara ẹ̀. Ẹ wo bó ṣe bá ètò tí mo sọ mu: Windows ló fòfin de àtijọ́ kí Linux tó fi tuntun síbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá bá irú ẹ̀ pàdé, ẹ wọ firmware, ẹ pa Secure Boot, ẹ jí Linux, ẹ tẹ:

sudo mokutil --set-sbat-policy delete

Ẹ reboot sínú Linux lẹ́ẹ̀kan sí i kí shim lè pa òfin yẹn rẹ́. Kí Secure Boot tó tàn padà, ẹ ṣe update shim àti GRUB bí mo ṣe sọ lókè. Mo rí àwọn tó pa Secure Boot lọ́jọ́ yẹn tí wọ́n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dòní, "ó kúkú ti ń jí". Áà, ó ń jí lóòótọ́, fún ẹnikẹ́ni.

Ní ti Windows fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí ló kù. Àwọn ìwé-ẹ̀rí tí Microsoft fi ń buwọ́ lu nǹkan láti 2011 ní ọjọ́ tí wọ́n ń parí: èyí tí wọ́n fi ń buwọ́ lu shim parí ní June 2026, èyí tí wọ́n fi ń buwọ́ lu Windows fúnra ẹ̀ parí ní October 2026. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà á kú lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n ti buwọ́ lù tẹ́lẹ̀ á ṣì máa jí, àmọ́ ẹ̀rọ tí ò ní ìwé-ẹ̀rí ti 2023 ò ní lè gba update tuntun fún ohun tó ń jí i. Ẹ ṣí PowerShell bí administrator:

[System.Text.Encoding]::ASCII.GetString((Get-SecureBootUEFI db).bytes) -match 'Windows UEFI CA 2023'

Tó bá dáhùn True, ó ti wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ False, ẹ ṣe gbogbo update Windows àti firmware tó wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tún wò ó. Lórí Linux, fwupd náà ń gbé ìwé-ẹ̀rí tuntun wá, ẹ jẹ́ kó fi síbẹ̀ tó bá mú un wá.

Ó wá ku fláṣì tí mo ní kẹ́ ẹ rántí. Live USB tẹ́ ẹ ṣe lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tó wà nínú àpò laptop fún ọjọ́ ìṣòro, shim àti GRUB àtijọ́ ló wà lórí òun náà, dbx àti SBAT tuntun ò sì mọ̀ pé tiyín ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an ló máa sọ Security Policy Violation. Nítorí náà, lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ bá ti parí, ẹ ki fláṣì yẹn bọ kọ̀ǹpútà, ẹ jí i pẹ̀lú Secure Boot ní títàn. Tó bá kọ̀, ẹ gba ISO tuntun kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ fi máákà kọ oṣù àti ọdún sí ìdí ẹ̀.